Ọ̀nà Jíjìn Ni Àìsàn Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Ti Ń Bá A Bọ̀

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ mọ irú àárọ̀ yìí dáadáa. Á fa jẹnẹrétọ̀, iná á dé, á tẹ bọ́tìnnì, fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà á ṣú dùdù. Oníbàárà á dúró tòun ti ìwé lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà ti darúgbó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ogbó nìkan kì í sábà pa kọ̀ǹpútà. Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ ní orísun, ó sì lè ti wà lára rẹ̀ kó tó gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa wọ Ìrẹ̀lẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ wọ̀nyí. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ló lò wọ́n tán, wọ́n kó wọn sínú kọ̀nténà, wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ó di ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà. Nígbà tí àjọ Basel Action Network tọpinpin òwò yìí lọ́dún 2005, nǹkan bíi kọ̀nténà 500 ni wọ́n ní ó ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé ohun tí kò ṣeé tún ṣe nínú ẹrù náà lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nínú ìyókù la ti ń ṣa tiwa.

Ẹ wo ẹ̀yìn páwà páàkì èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá. Súwíìsì pupa kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Iná fóòtì 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Bí súwíìsì náà bá wà ní 115, ńṣe ni páwà páàkì gbà pé iná tó ń wọlé kéré, á sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì tiwa báyìí: iná inú rẹ̀ á lé ní fóòtì 600, bẹ́ẹ̀ àwọn kápásítọ̀ méjì tó fẹ́ gbà á dúró, 200 ni agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbàù ni, èéfín á sì sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé páwà páàkì nìkan ló lọ, mádàbọ́ọ̀dù ò mọ nǹkan kan. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé odidi kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń jù sígbó nítorí súwíìsì tí èékánná lè tì.

Láti ọdún 1995 tí Intel ti gbé ìlànà ATX fún páwà páàkì àti mádàbọ́ọ̀dù jáde, ó rọrùn láti mọ̀ bóyá páwà páàkì ṣì wà láàyè. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára mádàbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi wáyà kékeré so ihò wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ ti dúdú. Bí fáànù bá yí, ó kéré tán kò tíì kú. Ẹ má ṣe tú inú rẹ̀ o. Iná ṣì máa ń wà nínú àwọn kápásítọ̀ yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì.

Àwọn mìíràn gbé àìsàn tiwọn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007, kápásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára kún inú ọjà káàkiri ayé. Dell nìkan ta kọ̀ǹpútà OptiPlex tó ju mílíọ̀nù 11 lọ tó ṣeé ṣe kó ní in láàárín 2003 sí 2005, ó sì ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti fi tún wọn ṣe. OptiPlex yìí gan-an wọ́pọ̀ nínú ẹrù tòkunbọ̀. Ẹ ṣí àpótí, kí ẹ wo orí àwọn kápásítọ̀ tó yí ibi ọpọlọ ẹ̀rọ ká. Ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá wú, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó o mọ́ mádàbọ́ọ̀dù lè pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó jẹ́ tiwa gan-an ni ti òkùnkùn. Lọ́dún 2007 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, iná mẹ́gáwáàtì 335 ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Etílé wa ni. Síbẹ̀, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Gúúsù Oǹdó, Ìrẹ̀lẹ̀ wà lára wọn, fi wà láìrí iná ìjọba lò.

Bátìrì ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde lọ́dún 1981 kò ní aago tirẹ̀. Ẹni tó bá tàn án ló máa tẹ ọjọ́ àti wákàtí sí i. IBM AT ti 1984 ló fi aago oníbátìrì sí i, pẹ̀lú àyè kékeré tí ẹ̀rọ fi ń rántí irú díìsìkì tó ní. Àwa ṣì ń lo irú ètò yẹn. Bátìrì tó rí pẹlẹbẹ bí owó kọ́bọ̀, CR2032, fóòtì mẹ́ta, ló ń ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà ATX bá wà nínú sókẹ́ẹ̀tì tí iná wà, iná yẹn ló ń gbé aago, bátìrì á máa sinmi. Níbi tí kò bá ti sí iná àfi ìwọ̀nba wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, bátìrì nìkan ló ń ru ẹrù náà tọ̀sán tòru. Ìdí nìyí tó fi ń tètè kú lọ́wọ́ wa.

Bó bá ti kú, ẹ̀rọ á ní kí ẹ tẹ F1, ọjọ́ inú aago rẹ̀ á sì padà sẹ́yìn, nígbà mìíràn dé 1980. Àwọn ti ayé 386 àti 486 á gbàgbé díìsìkì wọn pátápátá. Èyí tó bá sì jí, íntánẹ́ẹ̀tì lè má ṣí, nítorí ọjọ́ tó wà lára kọ̀ǹpútà kò bá ti ìwé ẹ̀rí ààbò ojúlé náà mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò á rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Bátìrì ni. Lára àwọn tó pẹ́ jù, wọ́n jó bátìrì mọ́ mádàbọ́ọ̀dù ni. Bí ẹ bá rí i tó ń tu omi aláwọ̀ ewé, ẹ tètè gé e kúrò kó tó jẹ ojú ọ̀nà iná.

Ẹ tún tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kó tó tan ojú, ó sì ń fi ìró sọ ohun tó rí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, ìró gígùn kan pẹ̀lú kúkúrú méjì ń tọ́ka sí káàdì àwòrán. Bó bá ń ké léraléra láìdákẹ́, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Afẹ́fẹ́ ìlú wa tutù, igbó àti ọ̀sà ò jìnnà, ẹnu RAM sì máa ń ṣú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi iréésà pa ibi tó ń dán bíi wúrà títí á fi mọ́, kí ẹ fẹ́ eruku ojú ihò rẹ̀ dànù, kí ẹ sì tì í padà títí ẹ ó fi gbọ́ tí etí méjèèjì dún.

Bí kò bá wá jí rárá, ẹ má tíì gbé e lọ sí ààtàn. Háàdì díìsìkì kì í sábà bá mádàbọ́ọ̀dù kú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí okùn IDE pẹlẹbẹ yẹn, kí ẹ fi adápítọ̀ USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Orúkọ àwọn ọmọ ìjọ, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgàgù l'Òkìtìpupa, wọ́n lè wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ kó wọn sórí fíláàṣì kí ẹ tó ta àpótí rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.