Owó Ìjọba Ìbílẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ìkòsì, níbo ni owó tí a fi ń gbẹ́ gọ́tà ti ń wá? Òfin ńlá ti 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ nínú ètò ọrọ̀-ajé àdúgbò rẹ̀, kí a sì pín in nínú owó orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n Àgbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹrí, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2003, kò sí nínú òfin náà. Inú ìpín Kòsọ́fẹ́ ni wọ́n ti ń jẹ. Àwo kan, ẹnu mẹ́ta! Ní oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó náà má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. A máa ń tẹ iye tó kan Kòsọ́fẹ́ jáde. Ẹ ti mọ̀wé kà. Ẹ wá a, kí ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín ohun tí wọ́n fi ṣe.