Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Mọ́tò Tó Ń Kú Nínú Sún-kẹrẹ Fà-kẹrẹ

Bí mọ́tò yín bá ń sáré dáadáa ní márosẹ̀, àmọ́ tó ń gbọ̀n tàbí tó ń kú bí ẹ bá ti dúró, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ́ńjìnnì míì fún yín.

Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná sábà máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 600 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan lórí sílóò (ìyẹn bí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́). Lásìkò yẹn, ìlẹ̀kùn throttle fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán; àlàfo tín-ín-tín ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tí ìdọ̀tí dúdú bá ti dí i, ẹ tan AC báyìí, ẹrù á pọ̀ sí i, ló bá kú. Fífọ̀ ló ń fẹ́. Tó bá jẹ́ iná ló ń ṣí ìlẹ̀kùn náà, kí wọ́n má fọwọ́ tì í o! Kọ̀ǹpútà mọ́tò sì lè nílò kí wọ́n tún sílóò ṣètò lẹ́yìn náà.

Sílóò tó ń lọ sókè sódò ńkọ́? Ẹ tẹ́tí sí àwọn họ́ọ̀sì. Èyí tó bá ya máa ń dún "ṣíì", afẹ́fẹ́ tí sensor ò kà á máa gba ibẹ̀ wọlé. Kóòdù P0171 (afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, epo kéré) ni ẹ̀rọ skáànù sábà máa ń gbé jáde.

Plọ́ọ̀gì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ ní kí wọ́n tú u wò ná. Bí mọ́tò bá sì ń kú lórí eré, kí wọ́n wọn agbára epo kí ẹ tó ra pọ́ǹpù.