Ẹni Mẹ́fà, Wákàtí Kan: Bí A Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Ìkàwé Sílẹ̀ Fún Àwọn Ọmọ Wa Ní Nyanya

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ ní ìpàdé, tí a sì máa ń gbàgbé tí a bá ti pín ẹlẹ́rìndòdò tán. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Abuja níbí kò lè ka Yorùbá, púpọ̀ nínú wọn kò sì ka English náà já gaara. Ẹ fún ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìwé, á kà á bí ẹni ń kọrin. Ẹ wá bi í pé kí ni ìtàn yẹn sọ, á kàn máa wò yín lójú ni. Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, bíi mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn.

Ẹ má sì jẹ́ ká máa wo ojú ìjọba. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní English ni. Fún àwa tí a wà ní Nyanya, ó túmọ̀ sí pé bí ọmọ wa yóò bá ka Yorùbá, ọwọ́ wa ló wà.

Àwọn kan á ní Yorùbá á ba English ọmọ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní English lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, wọn ò sì gbẹ́yìn nínú English pàápàá.

Èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ìwé

Mo ti rí ẹgbẹ́ kan tó ra ìwé rẹpẹtẹ, tí wọ́n pe ayàwòrán, tí wọ́n ta kánópì, tí olóyè gé ríbọ́nù. Kò pé oṣù méjì, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwé wà, ẹni tí yóò ṣí i fún ọmọ ni kò sí. Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ ìkàwé nìyẹn. Ọmọ tó wá lẹ́ẹ̀mejì tó bá ilẹ̀kùn ní títì kò ní wá ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni mẹ́fà tó yọ̀ǹda ara wọn. Ẹ pín wọn sí méjì méjì. Ẹni méjì á ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí, méjì á ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, méjì tó kù á ṣe ti ẹ̀kẹta, kó tó tún yí kàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà kò lè ṣèlérí gbogbo Sátidé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí kò lè ṣe é nínú wa. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ tún fi sí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá rọrùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bá ẹlòmíì ṣe pàṣípààrọ̀.

Ta ni kí ẹ pè? Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, àwọn àgùnbánirọ̀, àti ọmọ girama tó mọ̀wé. Ẹ má sì fojú fo màmá àgbà tí kò kàwé, nítorí òun ló mọ àlọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ètò Nal'ibali, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ń ran irú ẹgbẹ́ báyìí lọ́wọ́. Àwọn òbí àti aládùúgbò wà nínú àwọn tó ń darí wọn, kì í ṣe tíṣà nìkan. Ẹ má san owó oṣù, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀.

Ibi àti àkókò

Ibi tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé ni kó jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan dá sọdá títì márosẹ̀ Keffi yẹn nítorí ìwé. Bí àwọn ọmọ bá wà ní Karu àti Mararaba, kí wọ́n ní tiwọn níbẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 tí bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya, a mọ ìdí tí òbí fi ń bẹ̀rù ibi tí èrò pọ̀ sí. Pálọ̀ ẹnì kan, tàbí yàrá ilé-ìwé kan, ti tó. Níwọ̀n bí a ti jẹ́ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ọ̀sán Sátidé ló dára jù.

Ohun tí ẹ ó ṣe nínú wákàtí náà

Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún àgbà méjì. Ẹ fi àlọ́ bẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí àgbà bá ti ní "Ààlọ́ o," tí wọ́n dáhùn "Ààlọ̀," ara wọn á ti balẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àgbà kàwé sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa dúró bi wọ́n pé, "Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Kí àwọn ọmọ wá kàwé ní méjì méjì fún ogún ìṣẹ́jú, kí ńlá ran kékeré lọ́wọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ya àwòrán tàbí kọ gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi márùn-ún tó kù yá wọn ní ìwé lọ sílé.

Ẹ fi àmì ohùn ṣeré. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sára pátákó, kí ọmọ kan ya àwòrán ọkùnrin ilé, èkejì ya irinṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀kẹta ya bọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹrin ya ohun ìjà ọdẹ. Wọn ò ní gbàgbé mọ́.

Ìwé pẹ̀lú ò nira tó bí a ṣe rò. Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ ṣì wúlò fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook àti StoryWeaver ní ìtàn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, ti Yorùbá wà níbẹ̀, a sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ ní ti English náà, nítorí ọmọ Gbagyi, Ìgbò àti Hausa tó wà ládùúgbò á fẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, ilẹ̀ Gbagyi la wà. Bí ìwé bá ya, ẹ má bú ọmọ. Ìwé tó ya sàn ju èyí tí wọ́n tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Ààbò ọmọ

Èyí ò ṣeé fi ṣeré. Nàìjíríà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti ọdún 2003. Kí àgbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Kí àgbà kan má dá wà pẹ̀lú ọmọ ní yàrá tí a tì. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé, kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí yóò máa wá mú ọmọ. Bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá dé, ẹ pe òbí kí ẹ tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́, ì báà jẹ́ olóyè ẹgbẹ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá ka ìpínrọ̀ kékeré kan, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún ṣe é. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé, kì í ṣe fọ́tò.

Bí ìpàdé yín tó ń bọ̀ bá dé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ẹ ní kí ẹni mẹ́fà nawọ́ sókè. Bí ẹ bá ti rí wọn, ẹ mú Sátidé kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé yòówù tó bá wà nílẹ̀.