Ṣé o mọ̀? Atún-táyà-ṣe ló tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀

Ní Djougou, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti ní Bohicon ní apá gúúsù, ẹgbẹ́ Saint Camille ní ibùdó fún àwọn tí àrùn ọpọlọ bíi schizophrenia ń dà láàmú. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Kì í ṣe dókítà o: táyà ló ń tún ṣe ní Bouaké, ní Ivory Coast, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn aláìsàn tí wọ́n dè mọ́ igi sílẹ̀. Àwọn kan tí ara wọn ti yá ló ń tọ́jú àwọn ẹlòmíì níbẹ̀ báyìí, èyí tó wú mi lórí jù.

Nínú ìtọ́jú irú àrùn yìí, nọ́ọ̀sì ló sábà máa ń sún mọ́ aláìsàn jù. Abẹ́rẹ́ fluphenazine decanoate, oògùn schizophrenia, tó bá gún lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, èyí tó gba ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn ojoojúmọ́ sílẹ̀.

Bí irú oògùn yìí bá mú kí ara ẹni yín le gbagidi tàbí kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín. Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì.