Ọyẹ́ Dé: Kì í Ṣe Òtútù Nìkan Ló Ń Pa Adìyẹ

Ètè gbẹ, ẹsẹ̀ là, eruku bo ojú ọ̀nà. Bó ṣe ń ṣe wá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ẹran ọ̀sìn wa. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ẹ̀yìnkùlé la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, mo lọ sọ́jà. Ìyá kan gbé àgbébọ̀ mẹ́ta sílẹ̀. Adìyẹ tó yẹ kó tó 3.000 fráǹkì, ó ní, “Àbúrò, mú wọn ní 1.500 níkọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ tètè relé.” Mo ní, “Ìyá, ṣé ara wọn le?” Ó ní, “Òtútù lásán ni.” Inú mi dùn. Mo kó wọn délé, mo dà wọ́n mọ́ mọ́kànlá tí mo ní. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, méjì péré ló ṣẹ́ kù nínú 14. Owó ìwé àwọn ọmọ mi ni mo ń kó jọ sára adìyẹ yẹn. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́, adìyẹ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé òtútù kì í pa adìyẹ ni? Ó ń pa á, àmọ́ ọmọ adìyẹ ló ń pa jù. Àgbà adìyẹ ní ìyẹ́ tó fi ń bora. Ọmọ adìyẹ ò tíì ní in, ìyá rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n ń rọ́ jọ síbì kan tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn nìyẹn.

Kí la máa ṣe? Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti ọwọ́ àríwá àti ìlà oòrùn wá. Ẹ fi ẹní ògbólógbòó tàbí àpò àgbàdo dí ọwọ́ ibẹ̀ lára ilé adìyẹ. Ẹ má dí gbogbo rẹ̀ o! Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, torí òórùn ìgbẹ́ wọn máa ń ba èémí wọn jẹ́. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí èèpo ìrẹsì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti tutù. Ọmọ adìyẹ tí kò ní ìyá, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sáàárín wọn lálẹ́. Ẹ má gbé iná èédú sínú ilé tí a tì pa. Èéfín rẹ̀ ń pa adìyẹ, ó ń pa èèyàn. Nírọ̀lẹ́, ẹ fún wọn lágbàdo kí wọ́n tó wọlé sùn, torí oúnjẹ inú ikùn ló ń mú ara wọn móoru di òwúrọ̀. Ẹ máa fọ abọ́ omi wọn lójoojúmọ́ nítorí eruku.

Ṣùgbọ́n tí àgbà adìyẹ bá ń kú tẹ̀ léra tẹ̀ léra, ẹ má pè é ní òtútù mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàn, tó dà bí ewé tútù? Ṣé ó ń mí pẹ̀lú ariwo? Ṣé ìyẹ́ apá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tàbí ọrùn rẹ̀ yí? Ó lè jẹ́ àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Orúkọ ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, àrùn náà jà níbẹ̀ ní 1926. Àsìkò ọyẹ́ ló máa ń jà jù lọ́dọ̀ wa. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kápúsù tí àwọn kan ń tú sínú omi adìyẹ, owó ló fi ń ṣòfò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, kí àrùn tó wọlé ni o. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ló dáa jù. Ẹni tí kò tíì ṣe é, tí adìyẹ rẹ̀ ṣì le, kó pe dókítà ẹran lónìí. Ìgò kan lè tó 100 adìyẹ, tí wọ́n bá sì ti ṣí i, kì í di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ para pọ̀ dá owó rẹ̀. Adìyẹ wa ò kúkú mọ ààlà ilé.

Adìyẹ tẹ́ ẹ bá rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Èyí tó bá kú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má jù ú sórí ààtàn. Ẹ wa ihò jíjìn sin ín, kẹ́ ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Tó bá pọ̀, ẹ sọ fún dókítà ẹran.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ó ń dun ni kí owó kú mọ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ adìyẹ aláìsàn tẹ́ ẹ tà ní 1.500, ilé ẹlòmíì ló ń lọ tú, àrùn náà á sì padà wá bá ti yín. Èmi náà, nígbà tí méjì péré kù, ẹnì kan ní kí n yáa tà wọ́n. Mi ò tà wọ́n.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó padà wá bá adìyẹ wí. Abẹ́rẹ́ ló ń lé akátá tiwa. Ó dìgbà kan ná. Ọyẹ́ á tù wá lára o.