Ìpáàrà Inú Egungun: Bí A Ṣe Ń Tún Ṣáásì Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ Ṣe

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń tún ṣáásì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré tí ó ti dógùn-ún ṣe. Ṣáásì ni egungun ọkọ̀: òun ni ó gbé ẹ́ńjìnnì, òun ni a so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, orí rẹ̀ ni ara ọkọ̀ àti ènìyàn inú rẹ̀ jókòó lé. Triumph TR6 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é títí di ọdún 1976. Mo yàn án nítorí pé mo ti ní ọ̀kan rí nígbà tí mo ń gbé lọ́hùn-ún, ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ náà, ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ọ̀dà dúdú tí ó ki bí ọ̀dà títì ni wọ́n fi kun abẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé kí n tó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Mo fi òòlù kékeré kan irin iwájú, ó dún bí agogo. Mo kan ti ẹ̀yìn, ó dún bíi páálí tí omi rin. Mo fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tì í, irin náà sì wọlé ṣìn-ìn. Ẹnìkan ti fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ihò, ó sì fi ọ̀dà bo irin náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìpáàrà inú ṣáásì rí. Irin ṣáásì TR6 ṣófo nínú bí ọparun. Omi òjò ń wọ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ ń dí ihò tí ó yẹ kí omi gbà jáde, omi a sì dúró síbẹ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó ń pàdé tí ìpáàrà fi ń wáyé. Iyọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dà sí títì nígbà òtútù, kí yìnyín lè yọ́, ń mú kí iṣẹ́ ibi náà yá kíákíá. Ìpáàrà a máa wú ju irin tí ó jẹ lọ, nítorí náà ni ó ṣe ń ya ojú ibi tí a jó pọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ti sábà ń le jù, níbi tí a so apá tí ó di táyà ẹ̀yìn mú mọ́. Bí ibẹ̀ bá já lórí eré, táyà ẹ̀yìn yóò ṣẹ́rí lójijì, awakọ̀ kò sì ní lè darí ọkọ̀ mọ́.

Báwo ni a ó ṣe tún un ṣe? Ìwọ̀n ni ó ṣáájú gígé. A ó gbé ọkọ̀ ka orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a ó wọn ṣáásì láti igun dé igun, a ó sì kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Bí a óò bá ṣí ara ọkọ̀ kúrò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin de ojú ilẹ̀kùn méjèèjì, nítorí pé ọkọ̀ tí kò ní òrùlé a máa tẹ̀ bí kò bá sí egungun lábẹ́ rẹ̀. A ó yọ bátìrì àti táǹkì epo kúrò kí iná tó dé ìtòsí.

Ẹ̀yìn èyí ni a ó gé irin tí ó jẹrà títí a ó fi kan irin tí ó yè. Ibì kan ṣoṣo ni kí a gé lẹ́ẹ̀kan, kí ṣáásì má baà wọ́. Irin tuntun kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àtilẹ̀wá lọ. A ó jó o yíká láìfi àlàfo sílẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, láti ìhín sí ọ̀hún, nítorí pé ooru púpọ̀ lójú kan a máa lọ́ irin. A ó tún wọn igun dé igun. Ní ìparí, a ó la ihò omi, a ó sì fọ́n ìda olómi sí inú irin. Àwọn mìíràn a máa ri gbogbo ṣáásì sínú síńkì yíyọ́, tí ó gbóná tó nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó dára, nítorí síńkì ni ìpáàrà yóò kọ́kọ́ jẹ kí ó tó kan irin. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ lu ihò sí i tẹ́lẹ̀, kí omi tí ó há sínú má baà bú gbàù.

Ní Bìrìtéènì, àyẹ̀wò ọdọọdún kì í gba ọkọ̀ tí irin rẹ̀ bá jẹrà gidigidi láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí a so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti ju 40 ọdún lọ kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò yìí mọ́, bí a kò bá tíì yí wọn padà púpọ̀. Òfin ṣì ní kí ọkọ̀ náà yè kooro kí ó tó bọ́ sí títì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín ni ó di olùyẹ̀wò. Ohun tí ojú kò rí lábẹ́ ọ̀dà ti di ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn.

Nítorí náà, nígbà tí mo tún tèmi ṣe, ibi mẹ́rin ni mo gé. Mo ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó pa á dé, mo sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo ta ọkọ̀ náà, mo kó àwọn fọ́tò wọ̀nyí lé ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ kí n tó gba owó rẹ̀. Òun náà ní ọmọ.