Kí ni ìpín ẹni tó gbé apá sílẹ̀ fún ìdánwò abẹ́rẹ́ HIV?

Owó ló ń gbé oògùn dé orí àtẹ, ìyẹn kò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí owó pọ̀ tó, abẹ́rẹ́ àjẹsára kan kò lè dé ọjà bí àwọn tí ara wọn le kò bá kọ́kọ́ gbà kí wọ́n fi àwọn dán an wò. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ni a kì í gbọ́ orúkọ wọn nígbà tí ilé iṣẹ́ apoògùn bá ń ka èrè.

Ní South Africa, àwọn 5,407 ló yọ̀ǹda ara wọn fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ọdún 2016. Uhambo ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, ìyẹn ìrìn àjò lédè Sulu. Abẹ́rẹ́ tí yóò dènà HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, ni wọ́n ń wá. Tọkùnrin tobìnrin, láti ẹni ọdún 18 sí 35, tí wọn kò ní kòkòrò náà lára, ni wọ́n gbà ní ibùdó 14. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ gidi, àwọn yòókù gba èyí tí kò ní oògùn nínú, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n gún fún òun.

Àjọ NIAID ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣe agbátẹrù ètò náà, ilé iṣẹ́ Sanofi Pasteur àti GSK ló sì pèsè oògùn. Ohun tó mú kí wọ́n náwó sí i ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thailand. Nínú ìdánwò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2003 pẹ̀lú èèyàn 16,402, tó gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 105 dọ́là, èsì tó jáde lọ́dún 2009 fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà dín àkóràn kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Ti South Africa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn alámòójútó yẹ ìwé wò ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, 129 ló ti kó HIV nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi, 123 nínú àwọn tó gba òfìfo. Wọ́n ní kí wọ́n má gún un mọ́. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló kó o ràn wọ́n o, nítorí kò sí odidi kòkòrò nínú rẹ̀. Inú ìbálòpọ̀ ni wọ́n ti kó o, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ń kó o níta.

Èló wá ni wọ́n fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn? Ṣáájú ìgbà náà, randi 150 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wá ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní South Africa dábàá. Lọ́dún 2012, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera ní kí wọ́n ṣírò àsìkò tí onítọ̀hún lò, ìnira tó rí àti owó tó ná. Ìjiyàn tó wà ńbẹ̀ kò tíì tán. Bí owó bá pọ̀ jù, ẹni tí ebi ń pa lè fi ohun tó yẹ kó sọ pa mọ́ kí wọ́n lè gbà á. Bí ó bá kéré jù, aláìní ló ń fi owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ran ilé iṣẹ́ olówó lọ́wọ́. Ká sòótọ́, ewu kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í sábà sọ.

Ṣùgbọ́n ìnáwó tó le jù kò sí nínú owó ọkọ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ṣiṣẹ́ lára, ara á pèsè ohun ìjà sí HIV, ohun ìjà yìí gan-an sì ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń wá. Ẹni tí kò ní kòkòrò kankan lára lè lọ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n ní ó ní in. Èyí lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ gba ìwé adójútòfò ẹ̀mí kí báńkì tó yá a lówó ilé. Òfin iṣẹ́ South Africa ti ọdún 1998 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti ṣe àyẹ̀wò HIV fún òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ adójútòfò ń béèrè fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì ní lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò fi máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe àyẹ̀wò níbòmíràn, tí wọ́n sì ń ṣe èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kódà lẹ́yìn tí ìdánwò bá ti parí. Èyí dára bí owó bá ṣì ń wọlé. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ètò BRILLIANT dúró, mílíọ̀nù 45 dọ́là tó wà fún ìwádìí abẹ́rẹ́ HIV ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn.

Abẹ́rẹ́ HPV, àrùn ìbálòpọ̀ tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, fi ibi tí irú iṣẹ́ yìí lè já sí hàn. Obìnrin 12,167 ló yọ̀ǹda ara wọn fún ọ̀kan lára àwọn ìdánwò Gardasil kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i lọ́dún 2006. Lọ́dún 2023, Merck ta á tó bílíọ̀nù 8.9 dọ́là. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ HPV fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́.